Ta ló ń wá ẹ̀rí fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn? Iṣẹ́ aṣèwádìí ìgbèjà ní Amẹ́ríkà

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta, ọdún 1963, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà gbé ìdájọ́ kan kalẹ̀ tí kò sí akẹ́kọ̀ọ́ òfin níbẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n. Clarence Earl Gideon lórúkọ ẹni tó ni ẹjọ́. Wọ́n ní ó fọ́ ilé kan táwọn èèyàn ti ń gbá snooker nílùú Panama City, ìpínlẹ̀ Florida, ó sì jí owó àti ọtí níbẹ̀. Gideon kò lówó agbẹjọ́rò, ilé ẹjọ́ sì ní àwọn ò ní wá ọ̀kan fún un, ló bá ń rojọ́ ara rẹ̀ títí wọ́n fi sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún. Pẹ́ńsù ló fi kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ láti inú ẹ̀wọ̀n. Gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló fẹnu kò pé tálákà tó bá dojú kọ ẹ̀sùn ọ̀daràn ńlá gbọ́dọ̀ ní agbẹjọ́rò, ìjọba ni yóò sì wá a fún un.

Ohun tó tẹ̀lé e ni wọn kì í sábà sọ. Wọ́n dá ẹjọ́ náà padà sí Panama City, wọ́n sì tún un gbọ́ lóṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà. W. Fred Turner, agbẹjọ́rò tó gba ẹjọ́ Gideon rò, fi ọjọ́ mélòó kan wádìí àwọn ẹlẹ́rìí ìjọba nígboro. Awakọ̀ takisí kan wà lára wọn. Ó jẹ́rìí pé nígbà tóun gbé Gideon láàárọ̀ ọjọ́ tí olè jà yẹn, Gideon ní kóun má sọ fẹ́nikẹ́ni pé òun gbé e. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe máa dún létí ẹni tó ń dájọ́! Turner wá bi í bóyá Gideon ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú ọjọ́ náà. Awakọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo ìgbà tóun bá gbé e ló máa ń sọ ọ́, wàhálà tó wà láàárín Gideon àti ìyàwó rẹ̀ ló fà á. Wákàtí kan àti díẹ̀ ni ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú tó ń dá ẹjọ́ náà fi jókòó kí wọ́n tó jáde wá sọ pé Gideon kò jẹ̀bi.

Ìdájọ́ ọdún 1963 fún tálákà ní agbẹjọ́rò. Ẹni tí yóò máa rìn kiri bí Turner ṣe rìn, tí yóò máa kanlẹ̀kùn, tí yóò máa wá fídíò àti àkọsílẹ̀, ìdájọ́ náà kò dárúkọ rẹ̀. Aṣèwádìí ìgbèjà ni onítọ̀hún. Ẹni tó bá ń wo fíìmù Amẹ́ríkà lè má mọ̀ pé ó wà rárá, torí nínú fíìmù, ọlọ́pàá nìkan ló máa ń wá ẹ̀rí.

Kí ló dé tí agbẹjọ́rò kì í dá lọ?

Àwọn aṣèwádìí kan ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tí ìjọba dá sílẹ̀ láti gbèjà tálákà. Àwọn mìíràn dá dúró, wọ́n ń gbowó wákàtí. Ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìntì pọ̀ lára wọn, ẹ ó sì bá ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ ìròyìn rí níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dá dúró ní California, tí kò sì ní oyè òfin tàbí ti iṣẹ́ ọlọ́pàá, gbọ́dọ̀ ti fi 6,000 wákàtí ṣe iṣẹ́ ìwádìí, ìyẹn bí ọdún mẹ́ta, kó tó lè gba ìwé àṣẹ.

Bí agbẹjọ́rò bá ń lọ bá ẹlẹ́rìí sọ̀rọ̀, ó máa ń mú aṣèwádìí dání. Ká ní ẹlẹ́rìí sọ lónìí pé òun ò rí ojú ẹni tó yìnbọn, tó wá dé ilé ẹjọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, tó ní òun rí i kedere. Ta ni yóò sọ pé ohun tó sọ tẹ́lẹ̀ kọ́ nìyẹn? Òfin iṣẹ́ agbẹjọ́rò kò gbà kó máa rojọ́ kó tún gun àpótí ẹlẹ́rìí nínú ẹjọ́ kan náà. Aṣèwádìí ni yóò gun un, tòun ti ìwé tó kọ lọ́jọ́ náà.

Láti ọdún 1976 ni ìgbìmọ̀ kan tó yẹ ọ̀rọ̀ ìgbèjà tálákà wò ti dábàá pé, ó kéré tán, kí aṣèwádìí kan wà fún agbẹjọ́rò mẹ́ta. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ka àwọn ọ́fíìsì tó ń gbèjà tálákà lọ́dún 2007, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni kò ní ẹyọ aṣèwádìí kan. Ẹ wá gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ lọ́dún 2012: nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí wọ́n bá dá lẹ́bi nílé ẹjọ́ àpapọ̀, 97 ló fẹnu ara wọn gbà pé àwọn jẹ̀bi, ní ti àwọn ìpínlẹ̀, 94. Wọn kò pe ẹlẹ́rìí, wọn kò yan ìgbìmọ̀ ará ìlú. Bí ẹnikẹ́ni kò bá wádìí kí olùjẹ́jọ́ tó buwọ́ lu ìwé pé òun jẹ̀bi, ẹnikẹ́ni kò ní wádìí mọ́.

Òṣùpá Lincoln

Ẹ jẹ́ ká fi ìròyìn ọlọ́pàá kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹlẹ́rìí ní láti òdìkejì títì lòun ti rí ọkùnrin náà, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́. Kí aṣèwádìí tó wọ bàtà, ó ti ṣí kọ̀ǹpútà. Lórí ìkànnì SunCalc, yóò rí ìgbà tí oòrùn wọ̀ lọ́jọ́ yẹn àti ibi tó wọ̀ sí. Ìkànnì iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ ojú ọ̀run yóò sọ ìgbà tí òṣùpá yọ. Ti NOAA, iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ìjọba, yóò sọ bóyá òjò rọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò yà sí Street View ti Google, tó ń fi àwòrán títì hàn, tó sì ti ṣeé dá padà sí àwòrán ọdún àtẹ̀yìnwá láti 2014: ṣé igi tó wà níwájú ilé yẹn ti ga tó báyìí nígbà náà? Ṣé pátákó ìpolówó yẹn ti wà níbẹ̀?

Nígbà tó bá wá di aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́, yóò lọ dúró síbi tí ẹlẹ́rìí ní òun dúró sí. Yóò fi téèpù wọn ọ̀nà, yóò ya fọ́tò láti ibi tí ojú ẹlẹ́rìí ga dé. Ẹni tó ń ta nǹkan ní kọ̀rọ̀ títì lè wá sọ fún un pé iná òpó yẹn ti kú láti ìgbà òjò, pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe. Kò sí kọ̀ǹpútà tó máa sọ ìyẹn.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Lọ́dún 1858, nílùú Beardstown ní Illinois, Abraham Lincoln, tí kò tíì di ààrẹ, gbèjà ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Duff Armstrong, tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn. Ẹlẹ́rìí ní ìmọ́lẹ̀ òṣùpá lòun fi rí i láti nǹkan bí 150 ẹsẹ̀ bàtà. Lincoln jẹ́ kó tún un sọ dáadáa, ó wá fa ìwé almanáàkì yọ: òṣùpá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ lásìkò tó ń wí. Wọ́n dá Armstrong sílẹ̀.

Orúkọ kan, ènìyàn mẹ́wàá

Ìkànnì PACER ni ìwé ẹjọ́ àwọn ilé ẹjọ́ àpapọ̀ wà. Sẹ́ńtì mẹ́wàá ni ojú ìwé kan, ọ̀pọ̀ ìwé kì í sì í ju dọ́là mẹ́ta lọ bó ti wù kó gùn tó. Ẹni tí gbèsè rẹ̀ kò bá ju 30 dọ́là lọ láàárín oṣù mẹ́ta kò ní san kọ́bọ̀. Àwọn tó mọ ọ̀nà kọ́kọ́ ń yà sí CourtListener, níbi tí ìwé táwọn ẹlòmíràn ti rà ní PACER wà lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ń wá ọlọ́pàá tí wọ́n ti pè lẹ́jọ́ rí nítorí pé ó lu ènìyàn, ẹlẹ́rìí tó ti purọ́ nílé ẹjọ́ mìíràn, tàbí ẹni tó ń retí kí ìjọba dín ẹ̀wọ̀n tirẹ̀ kù bó bá ti jẹ́rìí tán.

Àwọn ìkànnì olówó gọbọi náà wà, bíi TLOxp àti Accurint, tí wọ́n kó àdírẹ́sì àtijọ́, nọ́ńbà fóònù, ọkọ̀ àti orúkọ ẹbí jọ sójú kan. Bí ẹlẹ́rìí bá ti kó kúrò nílé ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tọpasẹ̀ rẹ̀. Àmọ́ wọ́n máa ń ṣì í, àwa Yorùbá ló sì yẹ kó tètè yé. Taiwo àti Kehinde ní ọjọ́ ìbí kan náà, àdírẹ́sì kan náà, orúkọ bàbá kan náà. Kọ̀ǹpútà lè pò wọ́n pọ̀ di ẹyọ ènìyàn kan. Adebayo jẹ́ orúkọ àbísọ fún ẹnì kan ní Houston, ó jẹ́ orúkọ bàbá fún ẹlòmíràn ní òpópónà kejì, ẹnì kẹta sì ti gé e sí Bayo nígbà tó ń wáṣẹ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti ṣẹ̀wọ̀n rí, ẹ ò rí i pé ẹ̀wọ̀n yẹn lè lọ lẹ̀ mọ́ ẹni ẹlẹ́ni. Aṣèwádìí gidi kì í gba ohun tí ìkànnì bá wí láìjẹ́ pé nǹkan mìíràn kín in lẹ́yìn: fọ́tò, ìbuwọ́lùwé, tàbí ẹ̀gbọ́n tó wí pé àbúrò òun ni lóòótọ́.

Ti Facebook àti Instagram tún ní èèwọ̀ tirẹ̀. Yíya àwòrán ojú fóònù nìkan kò tó, torí agbẹjọ́rò ìjọba yóò ní wọ́n dọ́gbọ́n sí i. Wọ́n máa ń fi ojúewé náà pamọ́ pẹ̀lú ọjọ́, aago àti àdírẹ́sì rẹ̀, wọ́n á sì gba hash rẹ̀, ìyẹn òǹkà gígùn kan tí yóò yí padà bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan lẹ́tà kan péré nínú fáìlì náà. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2017 ni òfin ẹ̀rí ilé ẹjọ́ àpapọ̀ ti gba irú ìdánilójú bẹ́ẹ̀. Bí onítọ̀hún bá ti pa ojúewé ìkànnì rẹ̀ rẹ́, Wayback Machine, ìkànnì tó ń tọ́jú ẹ̀dà ojúewé àtijọ́, lè ní ẹ̀dà rẹ̀. Ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí wọ́n fi orúkọ èké tọrọ ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ ẹlẹ́rìí kí wọ́n lè rí ohun tó tì mọ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Philadelphia sọ ọ́ lọ́dún 2009 pé agbẹjọ́rò tó bá rán ènìyàn níṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti tan ènìyàn jẹ.

Ilẹ̀kùn tí ọlọ́pàá nìkan ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀

Gbogbo ohun tí mo ti kà sílẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni tó lówó àti sùúrù ló lè rí i. Ibi tó le wà níwájú. Òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1986, nígbà tí Facebook kò tíì sí lójú àlá ẹnikẹ́ni, ló ń darí ẹni tó lè gba ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn tẹ̀ ránṣẹ́ síra wọn lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó fi í pamọ́. Ọlọ́pàá lè gba ìwé àṣẹ adájọ́ kí wọ́n fi gbà á. Òfin náà kò ṣínà kankan fún olùjẹ́jọ́. Lọ́dún 2018, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní California gbà pé olùjẹ́jọ́ lè béèrè ohun tí onítọ̀hún gbé síta fún gbogbo ayé. Ní ti èyí tó wà ní ìkọ̀kọ̀, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Washington, D.C. sọ lọ́dún 2019 pé Facebook kò lè fún olùjẹ́jọ́, kódà nínú ẹjọ́ ìpànìyàn.

Ẹ wo bó ṣe rí lójú ayé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2009, wọ́n mú ọmọ ọdún 19 kan ní New York, wọ́n ní ó jalè ní Brooklyn. Ìṣẹ́jú kan ṣáájú àkókò tí wọ́n ní olè jà, ó ti béèrè lórí Facebook pé níbo ni páńkéèkì òun wà. Agbẹjọ́rò rẹ̀ rí i, àmọ́ àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ló kọ̀wé sí Facebook, tí wọ́n sì fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé kọ̀ǹpútà ilé bàbá rẹ̀ ní Harlem ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Wọ́n fi í sílẹ̀. Orí ló bá a ṣe é. Ká ní àwọn tó gbé e lọ sílé ẹjọ́ kò fẹ́ béèrè ńkọ́?

Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Òótọ́ ni pé láti 1963, nínú ìdájọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Brady, dandan ni kí ìjọba fi ẹ̀rí tó lè ran olùjẹ́jọ́ lọ́wọ́ hàn án. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ nìyẹn. Fídíò tí ọlọ́pàá kò lọ gbà, kò sí lọ́wọ́ wọn láti fi han ẹnikẹ́ni. Lójú tèmi, bí ẹ̀gbẹ́ kan bá lè gba ìwé àṣẹ tí èkejì kò sì lè gbà á, adájọ́ ló yẹ kó máa yẹ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wò. Òfin ọdún 1986 kò yẹ kó máa ti ilẹ̀kùn dè é.

Fídíò sì ni nǹkan tó ń tètè bọ́. Kámẹ́rà ṣọ́ọ̀bù máa ń kọ tuntun lé àtijọ́ lórí, ó lè jẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó lè tó oṣù kan. Juan Catalan mọ bó ti dára tó kí fídíò ṣì wà nílẹ̀. Lọ́dún 2003, wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn án ní Los Angeles. Ó ní pápá ìṣeré ẹgbẹ́ Dodgers lòun àti ọmọbìnrin òun wà lálẹ́ ọjọ́ náà. Todd Melnik, agbẹjọ́rò rẹ̀, wo fídíò pápá ìṣeré, kò rí ojú rẹ̀ dáadáa. Nígbà tó yá ló gbọ́ pé iléeṣẹ́ HBO ya eré apanilẹ́rìn-ín kan, Curb Your Enthusiasm, níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ó lọ jókòó ti àwọn téèpù tí wọ́n kò lò. Nínú ọ̀kan, Catalan àti ọmọ rẹ̀ ń padà sí ìjókòó wọn, aago sì wà lára fíìmù. Téèpù yẹn àti àkọsílẹ̀ fóònù ló yọ ọ́, lẹ́yìn tó ti lò ju oṣù márùn-ún lọ ní àhámọ́. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n máa ń tọ́jú téèpù. Ta ni yóò tọ́jú ti ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì?

Iṣẹ́ náà kò tán síbi ẹni tó jẹ̀bi àti ẹni tí kò jẹ̀bi. Nínú ẹjọ́ tó lè já sí ikú, aṣèwádìí ń wá ìtàn ayé olùjẹ́jọ́: ìwé ilé-ìwé, ìwé ilé ìwòsàn, àbúrò ìyá tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé. Scharlette Holdman, tó kú lọ́dún 2017, wà lára àwọn tó sọ èyí di iṣẹ́ tó dá dúró, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà sì sọ lọ́dún 2003 pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ikọ̀ tó ń gbèjà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ Rompilla, ọkùnrin kan tí wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún ní Pennsylvania, dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ. Ìjọba ti sọ fún àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ ṣáájú ìgbẹ́jọ́ pé fáìlì ẹ̀sùn rẹ̀ àtijọ́ làwọn máa lò láti fi béèrè ẹ̀mí rẹ̀. Wọn kò lọ kà á. Inú fáìlì náà ni ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ tó korò àti àmì àìsàn ọpọlọ wà. Adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án fagi lé ìdájọ́ ikú náà. Wọ́n ní ìwé gbogbo ayé ni fáìlì yẹn, inú ilé ẹjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ gan-an ló sì wà, ẹni tó bá béèrè rẹ̀ ni wọ́n máa fún.