Irin Inú Omi Tí Ojú Kò Rí



Ìgò omi Ọ̀ṣun kan wà lórí ojúbọ wa, láti Òṣogbo ni wọ́n ti gbé e wá. Ọmọ kan bi mí pé: “Bàbá, omi yẹn mọ́ gaara, kí ló dé tẹ́ ẹ ní ká má mu ún?” Ìbéèrè rere ni.

Àwọn tó ń wa góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti da ilẹ̀ rú ní apá òkè odò, omi Ọ̀ṣun sì wá dà bíi tíì onímílíìkì. Ní 2022, kí ọdún Ọ̀ṣun tó bẹ̀rẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ náà kìlọ̀ fún àwọn olùsìn pé kí wọ́n má mu ún. Ẹrẹ̀ kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹrẹ̀ á rọlẹ̀ sísàlẹ̀ ìgò, omi á tòrò. Irin tó bá ti yọ́ sínú omi kì í rọlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òjé, tí a mọ̀ mọ́ Ọbàtálá, wà lára wọn. Ní 2010, ní Zamfara, òjé inú òkúta góòlù pa ọmọdé tí kò dín ní 400. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí òjé inú lítà omi kan má ju máíkírógírámù 10 lọ. Ẹ pín gírámù kan sọ́nà mílíọ̀nù kan, kí ẹ mú 10 nínú rẹ̀. Ahọ́n ò lè mọ̀ ọ́n, síse omi náà ò sì lè mú un kúrò.

Ẹ̀rọ ńlá wà tó ń wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì tún ń ṣe ohun kan tó wù mí gan-an: èròjà tó ń tanná tó bá gbá irin mú. Ẹ ra tonic water, èyí tó ní kíníìnì nínú. Ẹ pa iná yàrá, kí ẹ tan iná UV sí i, irú èyí tí wọ́n fi ń yẹ owó wò ní ṣọ́ọ̀bù (ẹ má wo iná náà lójú o!). Omi tí kò láwọ̀ á tàn búlúù. Kíníìnì gba ìmọ́lẹ̀ tí a kò rí, ó dá èyí tí a rí padà. George Stokes ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1852: fluorescence.

Èròjà tí mò ń wí ní apá méjì. Ọ̀kan ń tanná, èkejì dà bí ọwọ́ tó ṣí sílẹ̀. Tí ọwọ́ bá ṣófo, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù á ti ibẹ̀ sáré wá pa iná. Tí irin bá bọ́ sọ́wọ́, á di ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù yẹn mú, iná á bá tàn. Ibi tó le ni pé kí ọwọ́ náà mọ irin tó ń wá, kó gba mẹ́kúrì, kó fi kálísíọ́mù sílẹ̀. Ní 1997, Czarnik àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi aró rhodamine ṣe irú mìíràn, tó tì pa bí ilẹ̀kùn, tí kò láwọ̀. Bàbà ló ń ṣí i, àwọ̀ á sì yọ.

Àwọn kan á ní ẹni tó ń yẹ omi Ọ̀ṣun wò kò nígbàgbọ́. Èmi ò gbà. Òrìṣà kọ́ ló da májèlé síbẹ̀.

Ìyẹ̀fun funfun kan tún wà, titanium dioxide, tí wọ́n ń pò mọ́ ọ̀dà. Ní 1972, Fujishima àti Honda ní Japan fi òun àti ìmọ́lẹ̀ pín omi sí háídírójìn àti ọ́síjìn. Ó tún lè fi ìmọ́lẹ̀ fọ́ aró àti ìdọ̀tí inú omi sí wẹ́wẹ́. Àmọ́ mẹ́kúrì kò ṣeé fọ́ bẹ́ẹ̀. Mẹ́kúrì lá máa jẹ́, àfi kí wọ́n kó o kúrò.

Torí náà, ìgò wa á dúró lórí ojúbọ. Omi ẹ̀rọ ni kí ẹ mu. Tí ilé yín bá ti pẹ́, páìpù òjé lè wà níbẹ̀: ẹ jẹ́ kó ṣàn díẹ̀ láàárọ̀ kí ẹ tó bu ún.