Wákàtí Kan Láàrin Ọjọ́ Méje

Fún oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn ọdún 2020, NBS, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà tó níṣẹ́ tàbí tó ń wáṣẹ́, 33.3 ni kò níṣẹ́. Lóṣù kẹjọ ọdún 2023, àjọ kan náà gbé iye tuntun jáde fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún náà: 4.1. Kò sẹ́ni tó rí ilé iṣẹ́ tó gba gbogbo èrò yẹn, làwọn èèyàn bá pariwo pé èrú ti wọ̀ ọ́. Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Òṣùwọ̀n ni wọ́n pààrọ̀. Bí onígàrí bá gbé kóńgò mìíràn jáde, gàrí inú àpò ò dín, iye kóńgò tó máa jáde níbẹ̀ ló yí padà.

Ká wo Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú. Ká ní ọmọbìnrin kan jáde yunifásítì, ó wáṣẹ́ títí, ó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó bá aládùúgbò bó ẹ̀gẹ́ fún wákàtí kan ààbọ̀, wọ́n fún un lówó. Ó jókòó lọ́jọ́ yòókù. Lójú òṣùwọ̀n àtijọ́, ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ tó ogún wákàtí lọ́sẹ̀ kò níṣẹ́. Lójú ti tuntun, wákàtí kan péré láàrin ọjọ́ méje ti tó, bí owó tàbí èrè bá ti wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ni. Kódà bó jẹ́ ìyá rẹ̀ ló bá yan gàrí títà láìgba kọ́bọ̀, òṣìṣẹ́ náà ni. Bí kò bá wá ṣe nǹkan kan, tí ọ̀rọ̀ ti sú u débi pé kò wáṣẹ́ rárá láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọn ò ní kà á mọ́ aláìníṣẹ́. Wọ́n á ní kò sí lọ́jà iṣẹ́.

NBS kọ́ ló hùmọ̀ wákàtí kan yìí. Láti 1982 ló ti wà nínú ìlànà Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ILO, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sì ń lò ó. Ẹnì kan lè ní ohun tó bá Gẹ̀ẹ́sì mu kò bá wa mu. Òótọ́ wà níbẹ̀. Láti 1910 ni wọ́n ti ń ṣí ọ́fíìsì tí àwọn àwáṣẹ́ ti ń forúkọ sílẹ̀ lọ́hùn-ún, òfin 1911 sì dá owó ìrànwọ́ sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ kan tíṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó ń rí irú owó bẹ́ẹ̀ lè fara balẹ̀ wá iṣẹ́ tó yẹ ẹ́. Ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó bá lẹ́ni lẹ́yìn nìkan ló lè jókòó láìṣe nǹkan kan. Àwọn tó kù á bó ẹ̀gẹ́. Abájọ tí ìwádìí 2023 yẹn fi rí i pé 92.6 nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ ló wà lẹ́nu iṣẹ́ tí kò ní ààbò òfin kankan.

Ẹlòmíì á ní kí ìjọba ṣáà kọ orúkọ gbogbo aláìníṣẹ́ sílẹ̀. NDE, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìpèsè iṣẹ́, ti wà láti 1986, ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ wà, náà ṣí ojú òpó ìwáṣẹ́ ní 2019. Ṣùgbọ́n ẹni tó rí ìdí láti forúkọ sílẹ̀ ni ìwé orúkọ ń kà. Níbi tí kò sí owó ìrànwọ́, ẹni tó gbọ́ pé iṣẹ́ fẹ́ yọ ló ń wá, àti ẹni tó níṣẹ́ tó ń wá èyí tó sàn jù. Níbi tí owó ìrànwọ́ wà, ìjọba lè fọwọ́ tún iye náà ṣe: ní 1982, Gẹ̀ẹ́sì dẹ́kun kíka àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka kìkì àwọn tó ń béèrè owó ìrànwọ́. Iye náà já wálẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan ríṣẹ́.

Ohun tó yẹ kí ìwé ìròyìn máa gbé sójú ewé àkọ́kọ́ ni wákàtí mélòó, àti èló. Nínú àbájáde 2023 kan náà, 12.2 nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ ni kò rí ogójì wákàtí ṣe lọ́sẹ̀, tí wọ́n sì ṣe tán láti ṣe sí i. Ìyẹn kò dé etí ọ̀pọ̀ èèyàn. Kóńgò tuntun sì tún ní ibi tó ti jò: àgbẹ̀ tó roko ẹ̀gẹ́ láti Ajé dé Àbámẹ́ta, bó bá jẹ́ pé ilé rẹ̀ ni yóò jẹ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, wọn ò kà á mọ́ òṣìṣẹ́. Ọmọbìnrin oníwákàtí kan ààbọ̀ wà lára òṣìṣẹ́ ní tiẹ̀.