Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ṣé ó yẹ kéèyàn sanwó kó tó di àlejò lórí pọ́díkáàsì?

Wọ́n kọ̀wé sí yín pé kẹ́ ẹ wá sọ̀rọ̀ lórí pọ́díkáàsì àwọn. Inú yín dùn, àfi bẹ́ ẹ ṣe ka ìlà tó kẹ́yìn: ẹ̀yin lẹ máa sanwó.

Kì í ṣe gbogbo àwọn tó ń béèrè irú owó bẹ́ẹ̀ ni oníjìbìtì o. Lọ́dún 2022, iléeṣẹ́ ìròyìn Bloomberg gbé e jáde pé àwọn àlejò kan ń san tó 50,000 dọ́là kí wọ́n lè jókòó sídìí máíkì.

Ìpolówó lẹ fẹ́ rà yẹn, ẹ ná an bí ẹní ń nájà. Ẹ má wo iye èèyàn tó ń tẹ̀ lé pọ́díkáàsì náà lórí Instagram. Ìyẹn ṣeé fowó rà. Ẹ ní kí wọ́n fi iye tó gbọ́ ètò wọn mẹ́wàá tó kẹ́yìn hàn yín. Àwọn wo ló sì ń gbọ́ ọ? Bẹ́ ẹ bá ń ta aṣọ òkè, tó jẹ́ àwọn ọmọ tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ló ń gbọ́ wọn, owó ṣòfò nìyẹn.

Ní Amẹ́ríkà, àjọ FTC, tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ní kí wọ́n jẹ́ kí olùgbọ́ mọ̀ bí owó bá wà nídìí ọ̀rọ̀. Pọ́díkáàsì tó bá ní kẹ́ ẹ fi owó náà ṣe àṣírí, ẹ má san kọ́bọ̀ fún un.