Ọmọ tó ń ka ṣéńjì láìṣì n'Ìjọra, kí ló dé tó fi ń gba òdo nínú ìṣirò?

Irú ọmọ yìí pọ̀ n'Ìjọra. Láàárọ̀ Sátidé, ẹ̀gbẹ́ ìyá ẹ̀ ló máa ń wà níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja inú yìnyín. Kọ́sítọ́mà ra ẹja 2,700 náírà, ó kó 5,200 sílẹ̀ kí ṣéńjì má baà dà wọ́n láàmú. Ọmọ náà ò mú bírò. Láti 2,700 dé 3,000, 300 nìyẹn. Láti ibẹ̀ dé 5,200, ó jẹ́ 2,200. Kíá, ó ti ka 2,500 lé oníbàárà lọ́wọ́.

Tó bá di Mọ́ńdè, tíṣà á kọ 52 − 27 sójú pátákó, ọmọ yìí kan náà á kọ 35. Bírò pupa á fà á kọjá, pàṣán á tẹ̀ lé e, wọ́n á ní olódo ni. Ó parí.

Kò sẹ́ni tó bi í pé, "Báwo lo ṣe rí 35?" Ká ní wọ́n bi í ni, ohun tí wọn ì bá gbọ́ ni pé 7 ò ṣeé yọ nínú 2, lòun bá yọ 2 nínú 7, ó ku 5, òun wá yọ 2 nínú 5, ó ku 3. Ṣé ẹ rí i pé ọmọ ọ̀hún ò kàn kọ nǹkan síbẹ̀? Òfin kan ló ń tẹ̀ lé, òfin yẹn gan-an ni ò dáa. Bẹ́ ẹ bá nà án títí ilẹ̀ fi máa ṣú, òun náà lá tún lò lọ́la, nítorí kò sẹ́ni tó fún un ní òmíì.

Lọ́dún 1978, John Seely Brown àti Richard Burton l'Amẹ́ríkà fi hàn pé ọ̀pọ̀ àṣìṣe àwọn ọmọdé nínú ìyọkúrò ló ní ètò bẹ́ẹ̀, wọ́n sì dárúkọ èyí tá a sọ yìí mọ́ ọn. Nígbà tó di 1985, àwọn olùwádìí dán àwọn ọmọ márùn-ún tó ń tajà lójú pópó wò nílùú Recife, ní Brazil. Nídìí ọjà wọn, nínú ìdáhùn 100, wọ́n gba nǹkan bíi 98. Nígbà tí wọ́n kọ irú ìṣirò kan náà sórí ìwé fún wọn láìsí ọjà nínú ẹ̀, ó já sí nǹkan bíi 37. Àwọn ọmọ kan náà o!

Lóòótọ́, àwọn tíṣà náà ní tiwọn. Ẹni tó ní ọgọ́ta ọmọ nínú kíláàsì, ìgbà wo ló fẹ́ bi wọ́n níkọ̀ọ̀kan? Àmọ́ ó ṣeé ṣe kí mẹ́wàá nínú wọn ṣi irú kan náà. Ó lè kọ 35 sójú pátákó láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, kó ní, "Ẹnì kan rí èyí, ta ló lè sọ bó ṣe rí i?" Ibẹ̀ ni ariwo á ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà kó ní kí wọ́n fi 35 kún 27. Ó di 62, kì í ṣe 52. Ojú ara wọn ni wọ́n á fi rí i.

Ọmọ tí wọ́n ń nà nítorí àṣìṣe, ńṣe ló máa ń fi ọwọ́ bo ìwé. Bó bá sì bò ó dé ìdánwò WAEC láìní kírẹ́díìtì nínú ìṣirò, kò lè wọ yunifásítì lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà.

Ẹ̀yin òbí náà, bí ìwé ọmọ bá délé pẹ̀lú bírò pupa, ẹ má tíì wá bẹ́líìtì. Ẹ kó owó sílẹ̀, 5,200 náírà, kẹ́ ẹ ní kó ta ẹja 2,700 fún yín. Tó bá ti ka 2,500 fún yín, ẹ wá fi 52 − 27 hàn án, kẹ́ ẹ bi í pé èwo nínú ìdáhùn méjèèjì ló gbà gbọ́.