Ẹ Má Jẹ́ Kí Ohun Kíkan Jẹ Eyín Yín Tán

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi ni mo jìn sí kòtò lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀yin ará Gbọ̀ngán, Ìkirè àti Àpòmù, àti gbogbo ẹ̀yin òǹkàwé wa níbi gbogbo, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n.

Olùkọ́ ni mí ní Gbọ̀ngán níhìn-ín. Ẹni tó bá ti dúró níwájú ọmọ àádọ́ta rí mọ̀ pé ọ̀fun olùkọ́ kì í pẹ́ gbẹ. Nítorí náà, ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kì í kúrò lórí tábìlì mi. N kì í mu ún tán lẹ́ẹ̀kan náà. Màá mu díẹ̀, màá kọ́ ọmọ, màá tún mu díẹ̀, títí agogo ìjáde yóò fi lù. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí agbálùmọ̀ bá pọ́n, èmi àti rẹ̀ di ọ̀rẹ́ kòríkòsùn. Nítorí pé mo sì fẹ́ràn ìmọ́tótó, bí mo bá ti jẹ ẹ́ tán báyìí, búrọ́ọ̀ṣì ló kàn, màá sì fi gbogbo agbára fọ eyín mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan, mo bu omi tútù sẹ́nu, àfi bí ẹni pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún mi. Mo gbìyànjú tíì gbígbóná, bákan náà ni. Nígbà tó yá, etí eyín iwájú mi bẹ̀rẹ̀ sí í rún wẹ́wẹ́. Ọmọ kíláàsì mi kan ló wá bi mí lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ pé, "Tíṣà, kí ló dé tí eyín yín ń pọ́n?" Láti ọjọ́ náà ni n kò ti rẹ́rìn-ín níwájú àwọn ọmọ mọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ mọ bí iṣẹ́ wa ti máa ń rí fún ẹni tí kò lè rẹ́rìn-ín.

Mo lọ bá dókítà eyín kan ní Ilé-Ifẹ̀, ìlú tí kò jìnnà sí wa, níbi tí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ń kọ́ àwọn oníṣègùn eyín. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé kòkòrò ló ń jẹ eyín mi. Dókítà wò ó títí, ó ní, "Bàbá, kò sí ihò kankan níbẹ̀. Kí lẹ máa ń jẹ, kí lẹ sì máa ń mu?" Mo kà á fún un. Ó mirí.

Ohun tó bo eyín

Ohun tó kọ́ mi nìyí. Ìbòrí funfun kan wà lára eyín. Nínú gbogbo ara ènìyàn, kò sí ohun tó le tó o. Ó le ju egungun lọ. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 96 nínú rẹ̀ jẹ́ èròjà líle bí òkúta. Ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀mí. Bí awọ bá bó, yóò hù padà. Bí egungun bá ṣẹ́, yóò so. Ìbòrí eyín tó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn. Abẹ́ rẹ̀ ni apá tó pọ́n wà, òun ló sì ń gba òtútù àti ooru wọlé. Ìdí nìyẹn tí eyín mi fi pọ́n, tí omi tútù sì fi ń ta mí.

Àwọn onímọ̀ ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn kíkan, pH ni wọ́n ń pè é. Omi lásán wà ní 7. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni kíkan ń pọ̀ sí i, ìṣísẹ̀ kan sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá. Bí ó bá ti wálẹ̀ tó nǹkan bí 5.5, ìbòrí eyín yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Omi ọsàn mímu sábà máa ń wà láàrin 3.5 sí 4. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò dúdú kò ju nǹkan bí 2.5 lọ. Zobo náà kan gidigidi. Ṣúgà inú wọn ló ń tan ahọ́n jẹ. Eyín kò ṣeé tàn.

Àwọn baba wa kò wọn pH, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ ọ́n. Ṣebí bí a bá jẹ agbálùmọ̀ jù, a máa ń sọ pé eyín ti kan? Ìyàtọ̀ tó wà ni pé láyé ìgbà náà, agbálùmọ̀ ní ìgbà tirẹ̀, ọsàn ní ìgbà tirẹ̀, eyín sì ń rí àyè sinmi. Ní ọdún 1953 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Coca-Cola ní Èkó. 7UP tẹ̀ lé e ní ọdún 1960. Lónìí, ẹ dúró ní oríta Gbọ̀ngán, níbi tí ọ̀nà Òṣogbo ti ya kúrò lára ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, kí ẹ wo iye ìgò tí àwọn ọmọ ń gbé sáré tẹ̀ lé ọkọ̀. Kíkan ti di ti ojoojúmọ́. Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ sì leku ń jawọ.

Ìyá ọlọ́sàn bínú sí mi

Nígbà tí mo dé, mo ń ròyìn fún àwọn ọ̀rẹ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ ìyá ọlọ́sàn tí mo máa ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́, ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi ba ọjà jẹ́. Ọsàn yìí ni mo fi ń rán ọmọ nílé ìwé."

"Ìyá, ẹ má bínú," ni mo wí. "Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ọsàn ń ṣe ara lóore. Bí a ṣe ń mu ún ni kí a tún ṣe."

Òótọ́ ni mo sọ. Ẹni tó mu ọsàn mẹ́ta pọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ sàn ju ẹni tó ń fa ẹyọ kan lẹ́nu láti àárọ̀ di ọ̀sán. Itọ́ ẹnu wa ni oògùn àkọ́kọ́: ó ń fọ kíkan kúrò, ó sì ń dá èròjà líle padà sí ibi tó ti rọ̀. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ àyè, ó tó ìdajì wákàtí sí wákàtí kan. Èmi tí mò ń mu díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀, n kò fún un láyè rárá.

Búrọ́ọ̀ṣì mi ló wá parí iṣẹ́ náà. Eyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kan dà bí ògiri amọ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ẹni tó bá fi ìgbálẹ̀ gbá a nígbà náà, ògiri ló ń gbá lọ.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Èkíní: bí ẹ bá fẹ́ mu ohun kíkan, ẹ mu ún pẹ̀lú oúnjẹ, kí ẹ sì mu ún tán. Ẹ má fi yọ ẹnu. Bí ẹ bá rí ọ̀pá kékeré tí a fi ń fa ọtí nínú ìgò, ẹ lò ó.

Èkejì: ẹ fi omi lásán yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀. Wàrà díẹ̀ náà dára. Lẹ́yìn wákàtí kan ni kí ẹ tó fọ eyín tàbí kí ẹ run orín.

Ẹ̀kẹta: ẹ lo búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride, ní àárọ̀ àti kí ẹ tó sùn. Itọ́ kì í pọ̀ lẹ́nu lójú oorun, nítorí náà ẹ má mu ohun kíkan sùn.

Ẹ̀kẹrin: ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ tàbí ẹ̀dú fọ eyín kí ó lè funfun, ìbòrí eyín yín lẹ ń fọ dànù. Yóò pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ̀karùn-ún: ẹ má sọ fitamín C di súùtì fún ọmọ. Òun náà ń jẹ eyín bí a bá ń lá a lójoojúmọ́.

Ẹ̀kẹfà: aboyún tó ń bì, àti ẹni tí omi kíkan ń ru láti inú wá sí ọ̀fun, kí wọ́n fi omi yọ ẹnu, kí wọ́n má fọ eyín lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì rí dókítà.

Dókítà ti bá mi lẹ etí eyín iwájú mi. Kò lè dá èyí tó lọ padà. Èyí tó kù ni mò ń ṣọ́. Ìgò omi lásán ló wà lórí tábìlì mi báyìí, mo sì ti ń bá àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ní ti ìyá ọlọ́sàn, kẹ́ẹ̀gì omi kan àti kọ́ọ̀pù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ rẹ̀. Bí oníbàárà bá mu ọsàn tán, yóò bu omi fún un pé, "Ẹ fi yọ ẹnu, Tíṣà ló ní kí n máa fún yín." Ọjà rẹ̀ kò bàjẹ́. Ó ní ó tún ń tà sí i.