Kí A Tó Ti Ọwọ́ Bọ Inú Jẹnẹrétọ̀

Bí ẹ bá ti ka ìròyìn ẹbí, ẹ óò ti rí i pé ní ọ̀nà Siluko nìkan, a sọ ọmọ lórúkọ nílé méjì, a sì ṣe ìgbéyàwó nílé kan. Ilé kẹrin ni a ti lọ kí wọn pé "Ẹ kú ewu." Ọ̀rọ̀ ilé kẹrin yìí ni a fẹ́ bá yín sọ, àwọn òbí ọmọ náà sì ti gbà pé kí a sọ ọ́.

Ọmọ náà ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́wọ́. Wọ́n rán an láti pààrọ̀ bẹ́líìtì jẹnẹrétọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tí gbogbo ilé ń lò. Ó pa ẹ̀rọ náà, ó tú irin tí ó bo bẹ́líìtì, ó sì ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí. Ẹni tí ó bá dúró níwájú kò lè rí i. Ìyá kan nínú ilé, tí ẹja títà rẹ̀ ti ń yọ́ nínú fìrísà, jáde wá, ó rí i pé ẹ̀rọ ti dákẹ́, ó sì yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀rọ kò yí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí igbe ọmọ tó ta. Ìka méjì ni ó gé.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, ìyá yìí ń sunkún ju ọmọ lọ. Àwọn kan ń bèèrè pé ta ni ó jẹ̀bi. Lójú tiwa, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀bi. Àpò ọmọ tí ń ṣiṣẹ́ ni ó yẹ kí kọ́kọ́rọ́ wà, ara ẹ̀rọ ni wọ́n sì fi í sí.

Akọ̀wé rélùwéè ni wá, a kì í di sípánà mú. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ti ń gbé pátákó kọ́ ara ẹ́ńjìnnì tí ènìyàn bá wà lábẹ́ rẹ̀, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe wà á. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba ṣe òfin ní ọdún 1989 pé ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti ibi tí agbára ti ń wọ inú ẹ̀rọ pa kí wọn tó tún un ṣe. Bí ènìyàn mẹ́ta bá ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, àgádágodo mẹ́ta ni, olúkúlùkù sì ń mú kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ dání.

Nílé tiwa, páálí lásán tó. Kí a kọ ọ́ gàdàgbà: "Ẹ MÁ TAN ÁN, ÈNÌYÀN WÀ NÍDÌÍ RẸ̀." Kí a kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní èdè Ẹ̀dó pẹ̀lú, nítorí kì í ṣe Yorùbá nìkan ni a jọ ń gbé. Lẹ́yìn náà kí a tú orí bátìrì, orí tí ó ní àmì ìyọkúrò ni kí a kọ́kọ́ tú. Ìdí rẹ̀ ni pé orí yìí ni wọ́n so mọ́ ara ẹ̀rọ. Bí a bá kọ́kọ́ tú èkejì tí sípánà sì kan irin, iná yóò ta, afẹ́fẹ́ tí ń jáde láti inú bátìrì sì lè gbiná. Àwọn jẹnẹrétọ̀ kan tilẹ̀ wà tí ń dá tan ara wọn bí BEDC bá ti mú iná lọ. Ẹni tí ó bá gbójú lé kọ́kọ́rọ́ nìkan lára irú èyí ń tan ara rẹ̀ jẹ ni.

Ẹ̀rọ ìlọta tí a ń fi háńdù yí kò ní kọ́kọ́rọ́ ní tirẹ̀. Ẹni tí ń yí i kò gbọdọ̀ fi àtàǹpàkò dì í mú. Ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú àwọn ìka yòókù ni kí ó fi sí, kí háńdù lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó bá ta padà. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́, bí mẹkáníìkì bá tú irin tí ó bo bẹ́líìtì, ẹ má sanwó fún un títí yóò fi dá a padà. Etí ìró ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ kó sí i.

Ẹ̀rọ tí ó gbóná kú fúnra rẹ̀ ní ewu tirẹ̀. Àwọn ará wa tí ń wa ọkọ̀ ojú omi ni èyí kàn jù, nítorí wọ́n máa ń kánjú kí alẹ́ má bá wọn lórí omi. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 1947, ọkọ̀ òkun Reina del Pacifico ń dán ẹ̀rọ rẹ̀ wò nítòsí Belfast. Ibì kan gbóná jù nínú ẹ́ńjìnnì, èéfín ọ́ìlì tí ó há sínú rẹ̀ gbiná, ó sì bú. Ènìyàn 28 ni ó kú. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná báyìí, kí a má ṣe ṣí ìdérí ọ́ìlì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tí yóò wọlé ni iná ń wá. Ó kéré tán, kí a fi sílẹ̀ fún ààbọ̀ wákàtí. Bákan náà ni ìdérí rédíétọ̀.

Èyí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni ti nọ́sùlù. Epo tí ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀ lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè gún awọ ara wọlé. Ojú rẹ̀ á kéré bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ, ó sì lè má dùn wá ní ọjọ́ náà. Kí a má ṣe fi Aboniki pa á kí a lọ sùn. Ilé ìwòsàn ni kí a gbà lọ lójú ẹsẹ̀, kí a sì sọ fún dókítà pé epo dísẹ́ẹ̀lì ni ó wọlé, nítorí wọ́n ti gé ọwọ́ àwọn tí ó fi falẹ̀.

Bí a bá tún ẹ̀rọ ṣe tán tí a fẹ́ dán an wò, ìta gbangba ni, kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀. Afẹ́fẹ́ búburú tí ó wà nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀.

Ọmọ náà ti padà sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni ó fi ń di sípánà mú báyìí. Owó tí ẹgbẹ́ ń dá fún ìtọ́jú rẹ̀ wà lọ́wọ́ akápò. Ẹni tí kò bá tíì dá tirẹ̀, kí ó mú un wá sí ìpàdé tí ń bọ̀.