Alóre Ojú Ọ̀run àti Ará Etí Odò

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, ẹnu ọmọdé kan ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ yìí ti jáde. Nígbà tí a lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, a mú àwòrán méjì lọ́wọ́ tí sátẹ́láìtì yà láti òkè réré, tí ó fi ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé ní Lọ́kọ́ja hàn. A ti ya ọ̀kan kí omi ọdún 2012 tó kún. A ya èkejì nígbà tí omi ti bo ilẹ̀. Ọmọ náà wò ó títí, ó ní, "Tíṣà, ẹni tí ó ya àwòrán yìí ti rí omi náà. Ta ni ó wá sọ fún àwọn tí ń gbé ibẹ̀?" A kò rí èsì fún un ní ọjọ́ náà. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi mú kálàmù.

Àwọn bàbá wa mọ ohun tí alóre jẹ́. Ní ayé ogun, alóre a máa dúró ní ibi gíga lẹ́bàá odi ìlú, a máa wo ọ̀nà jíjìn, kí ọ̀tá má baà já lu ìlú lójijì. Ṣùgbọ́n alóre tí ó rí ọ̀tá tí kò kígbe kò sàn ju ẹni tí ó sùn lọ. Bí ó bá sì kígbe tí ará ìlú kò gbọ́, asán ni igbe rẹ̀. Sátẹ́láìtì ni alóre ayé òde òní. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí ó ti ń ríran, kí a tó bèèrè bí igbe rẹ̀ ti ń dé etí wa.

Oríṣi méjì ni a ó mẹ́nu kàn. Ọ̀kan ń bẹ ní òkè réré, ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà sí ilẹ̀. Bí ayé ti ń yí ni òun náà ń bá a yí, tí ó fi jẹ́ pé ojú kan náà ni ó ń wò tọ̀sán-tòru. Irú rẹ̀ ni Meteosat, tí àwọn ará Yúróòpù kọ́kọ́ gbé lọ sókè ní ọdún 1977. Òun ni ó ń fi bí ìkùukùu ti ń ṣú lórí ilẹ̀ Áfíríkà hàn. Èkejì ń fò ní ìsàlẹ̀ ju èyí lọ, ní nǹkan bí 700 kìlómítà. Ó ń lọ láti ìhà àríwá ayé dé ìhà gúúsù, ó sì ń wo ilẹ̀ ní ìlà-ìlà, bí àgbẹ̀ tí ń kọ ebè láti ìkángun oko kan dé èkejì.

Nínú irú kejì yìí, àwọn kan ń lo kámẹ́rà, ìkùukùu a sì máa dí wọn lójú. Àwọn mìíràn, bí Sentinel-1 tí a gbé lọ sókè ní ọdún 2014, ń lo rádà. Gẹ́gẹ́ bí àdán ti ń fi ohùn ara rẹ̀ wá ọ̀nà nínú òkùnkùn, bẹ́ẹ̀ ni rádà ń rán ìgbì sí ilẹ̀, tí ó sì ń gba èyí tí ó bá padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ gbágungbàgun a máa dá ìgbì náà padà. Ṣùgbọ́n omi tí ó tẹ́jú bí dígí a máa ta á nù sí ọ̀nà mìíràn. Nítorí náà ni omi fi ń hàn ní dúdú nínú àwòrán náà. Àǹfààní èyí kò kéré, nítorí pé ọjọ́ tí omi ń kún gan-an ni ojú ọ̀run máa ń ṣú jù.

Ẹnìkan lè bèèrè pé, kí ló dé tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan kò fi gbọdọ̀ ra alóre tirẹ̀, kí ó sì máa ṣọ́ ilé ara rẹ̀? Èsì rẹ̀ ni pé omi kò mọ ààlà. Odò Ọya, tí gígùn rẹ̀ tó 4,180 kìlómítà, bẹ̀rẹ̀ láti àárín àwọn òkè Gínì, ó gba Málì àti Niger kọjá, ó fara kan ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kí ó tó wọ Nàìjíríà. Bẹ́núé ní tirẹ̀ ti Kamẹrúùn wá. Òjò tí ó rọ̀ sí wọn lórí lọ́hùn-ún ń bọ̀ wá bá wa, kò sì sí aṣọ́bodè tí yóò bi í léèrè ìwé ìrìnnà. Ẹni tí ó wà ní òkè odò ni ó kọ́kọ́ ń rí ohun tí yóò dé bá ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀.

Nítorí èyí ni orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án fi dá Àjọ Àgbègbè Odò Ọya sílẹ̀ ní ọdún 1980, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Niamey. Ní ọdún 2008 wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí bí wọn yóò ti máa lo omi náà pọ̀, tí wọn yóò sì máa sọ fún ara wọn. Ní Niamey kan náà ni ilé iṣẹ́ AGRHYMET wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1974 lẹ́yìn ọ̀dá ńlá tí ó jẹ ilẹ̀ Sahel run. Níbẹ̀ ni a ti ń kọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè púpọ̀ bí a ti ń ka ìròyìn ojú ọjọ́ àti àwòrán sátẹ́láìtì.

Àwọn orílẹ̀-èdè tí ó jìnnà síra náà ti so ọwọ́ pọ̀. Ní ọdún 1999, níbi ìpàdé kan ní Vienna, àjọ òfurufú ti Yúróòpù àti ti Faransé dá a lábàá pé kí àwọn tí ó ní sátẹ́láìtì máa fi àwòrán ta orílẹ̀-èdè tí àjálù bá dé bá lọ́rẹ. Kánádà dara pọ̀ mọ́ wọn ní ọdún 2000, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí omi bá kún, bí ilẹ̀ bá mì, tàbí bí ìjì bá jà, a lè ké sí wọn, wọn yóò sì yí ojú àwọn sátẹ́láìtì sí ibẹ̀ láìgba kọ́bọ̀.

Nàìjíríà pàápàá kì í ṣe ẹni tí ń tọrọ nìkan. Ní ọjọ́ 27 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 2003, a gbé NigeriaSat-1, tí a kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ sókè láti Rọ́ṣíà. Ó wà nínú ẹgbẹ́ kan pẹ̀lú sátẹ́láìtì ti Àlùjíríà, ti Tọ́kì àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n jùmọ̀ ń ṣọ́ àjálù. Nígbà tí ìjì Katrina ba New Orleans jẹ́ ní ọdún 2005, NigeriaSat-1 wà lára àwọn tí ó ya àwòrán etí òkun náà fún Amẹ́ríkà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Iṣẹ́ sátẹ́láìtì náà ti parí. NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X ni ó tẹ̀lé e ní ọdún 2011.

Ṣé àjọṣe bẹ́ẹ̀ ń gba ẹ̀mí là nítòótọ́? Ẹ jẹ́ kí a lọ kọ́gbọ́n ní Bángíládẹ́ṣì ní ilẹ̀ Éṣíà. Ní oṣù Nòfẹ́ńbà ọdún 1970, nígbà tí ilẹ̀ náà ṣì wà lábẹ́ Pákísítánì, ìjì kan ti ojú òkun dé, ó sì pa nǹkan bí 300,000 ènìyàn, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sátẹ́láìtì ojú ọjọ́ ti Amẹ́ríkà ti rí ìjì náà. Àwọn ọkọ̀ ojú omi sì ti ròyìn rẹ̀ fún Íńdíà. Ṣùgbọ́n Íńdíà àti Pákísítánì kò rẹ́, ìròyìn náà kò sì kọjá ààlà. Alóre rí i. Ìjà àwọn aládùúgbò di ìgbe rẹ̀ lẹ́nu.

Lẹ́yìn ẹkún náà, ní ọdún 1972, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó yí òkun náà ká dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Láti New Delhi ni a ti ń ka ìrìn ìjì báyìí, tí a sì ń kìlọ̀ fún gbogbo wọn. Bángíládẹ́ṣì ní tirẹ̀ kó àwọn ará abúlé tí ó yọ̀ǹda ara wọn jọ, ó kọ́ wọn láti máa fi àsíá àti gbohùngbohùn kéde ìkìlọ̀ náà láti ojúlé dé ojúlé. Nígbà tí ìjì Amphan dé ní oṣù Méè ọdún 2020, ó lé ní 2,000,000 ènìyàn tí wọ́n kó lọ sí ibi ààbò ní Bángíládẹ́ṣì, àwọn tí ó kú níbẹ̀ kò sì tó 50. Òtítọ́ ni pé ìjì kan kì í rí bí èkejì, àwọn ilé ààbò tí wọ́n kọ́ sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ náà pọ̀ ju ohun tí a lè pè ní oríire lásán.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ní ọdún 2012, omi pa 363 ènìyàn ní Nàìjíríà, ó sì lé àwọn tí ó ju 2,000,000 lọ kúrò nílé. Ọ̀pọ̀ di ẹ̀bi náà ru ìsédò Lagdo, ògiri ńlá tí Kamẹrúùn mọ dí Bẹ́núé láàrin ọdún 1977 sí 1982. Ní ọdún 2022, omi tún kún, ó pa ènìyàn tí ó ju 600 lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìkìlọ̀ wà ní ọdún náà. Àjọ tí ń mójútó ọ̀rọ̀ omi ti sọ àsọtẹ́lẹ̀ kí omi tó kún, ó dárúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ó wà nínú ewu. Ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, a kéde pé Kamẹrúùn ti bẹ̀rẹ̀ sí tú omi Lagdo. Mínísítà ọ̀rọ̀ omi pàápàá sọ ní ọdún náà pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú omi náà jẹ́ òjò tí ó rọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ìsédò tí a ti pète láti kọ́ ní Dasin Hausa ní ilẹ̀ Adámáwá, kí ó lè gba omi náà dúró, a kò tíì kọ́ ọ títí di ọdún náà. Nítorí náà, kì í ṣe ojú ni a kò ní. Láti ojú dé ẹnu, àti láti ẹnu dé etí, ni okùn ti já.

Ewu mìíràn tún ń bẹ. Ní oṣù Jánúárì ọdún 2025, Málì, Bùrùkínà Fasò àti Niger jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ ECOWAS. A kò fẹ́ dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n Odò Ọya kò jáde kúrò nínú ohunkóhun. Ilẹ̀ Málì àti Niger ni ó ṣì ń gbà kí ó tó dé Jẹ́bà. Àwọn àgbà wí pé, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ohun yòówù tí ì báà wà láàrin àwọn ìjọba, ìròyìn omi kò gbọdọ̀ dúró ní ẹnubodè, kí ti ọdún 1970 má baà ṣẹlẹ̀ sí wa.

Kí wá ni ti olùkọ́ nínú èyí? Ní ìgbà àtijọ́, ẹni tí a fi àrokò ránṣẹ́ sí gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń kà á. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó ẹyọ lásán ni yóò rí. Àwòrán sátẹ́láìtì jẹ́ àrokò. Bí a bá sọ fún ará etí odò pé omi yóò fi mítà méjì ga sí i, ó lè má yé e. Bí a bá wí pé omi yóò dé ìdí igi àràbà ọjà kí ọjọ́ Ẹtì tó pé, yóò di ẹrù rẹ̀. Olùkọ́ ni ó lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó mọ ìwé, ó sì mọ igi àràbà náà.

Àwa pẹ̀lú àwọn ọmọ lè ri òpó tí a fàmì sí mọ́ etí odò, kí a máa ka ìwọ̀n omi láràárọ̀, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀. A lè fi ẹsẹ̀ wa rin ọ̀nà tí ó lọ sí ibi gíga, kí a tó nílò rẹ̀. A sì lè ránṣẹ́ padà sí àwọn tí ń ka àwòrán, nítorí pé àwọn náà nílò ẹni tí yóò sọ fún wọn bóyá omi ni dúdú tí wọ́n rí, tàbí ọ̀nà ọ̀dà tí ó tẹ́jú.

A ti padà lọ bá ọmọ tí ó bi wá léèrè. A sọ fún un pé, ní ọdún 2012 àti 2022, ìròyìn náà kò dé etí gbogbo àwọn tí ó yẹ kí ó gbọ́. Ó bi wá pé, "Ẹ̀yin ńkọ́, Tíṣà, ṣé ẹ ó sọ fún wa?" A dáhùn pé a ó sọ. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ bá wa mú ìlérí náà ṣẹ.